Pípààrọ̀ Ṣọ́ọ̀kì Tó Ti Kú Lára Hilux Àtijọ́: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Gba Ọ̀nà Oko

Ọkọ̀ tó bá ń gba ọ̀nà oko nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ni ìyà ọ̀nà kọ́kọ́ ń jẹ. Ẹ kúrò ní Iléṣà, ẹ forí lé Ifẹ̀wàrà, tàbí kí ẹ yà kúrò lójú títì sí àwọn abà kòkó tó wà níhà Àtàkúnmọ́sà: gálọ́ọ̀pù ni, òkúta ni, ẹrẹ̀ pupa ni. Hilux fọ́-wíìlì (èyí tí ẹ́ńjìnnì lè yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀) tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1988 sí 1997 ṣì wà lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, torí irin rẹ̀ ki, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í sì í tètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ṣọ́ọ̀kì wọn ti kú tipẹ́ tí ẹni tó ń wà á kò mọ̀, nítorí díẹ̀díẹ̀ ló kú, ó sì ti mọ́ ọn lára. Á ní bí píkọ́ọ̀pù ṣe máa ń ta nìyẹn. Rárá o. Hilux tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ pé a máa di ilẹ̀ mú, ì báà rù, ì báà má rù.

Ẹni tó bá lè tú táyà fúnra rẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ yìí tó bá ní sùúrù àti irinṣẹ́ tó péye. Bí ẹ ò bá fẹ́ fọwọ́ ara yín ṣe é, ẹ ṣì nílò láti mọ ohun tó yẹ kí mẹkáníìkì ṣe, kí ẹ lè dúró tì í kí ẹ sì mọ ohun tí ẹ ó bi í.

Ṣọ́ọ̀kì kì í gbé ẹrù

Ibi tó yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù. Sípíríǹgì ló ń gbé ọkọ̀ àti ẹrù inú rẹ̀. Lẹ́yìn Hilux, ewé sípíríǹgì tí wọ́n tò lé ara wọn ni. Níwájú, àwọn kan ní ewé bákan náà, àwọn mìíràn ní irin gbọọrọ kan tó máa ń lọ́ bí táyà bá ń lọ sókè sódò, èyí tí à ń pè ní torsion bar. Iṣẹ́ ti ṣọ́ọ̀kì yàtọ̀. Bí táyà bá bọ́ sí kòtò, sípíríǹgì á rún, á ta padà, á tún fẹ́ ta lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Ṣọ́ọ̀kì ló ń sọ fún un pé ó tó. Epo ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú pístìnnì tó ní ihò wẹ́wẹ́. Pístìnnì yìí á máa fipá gba àárín epo kọjá, agbára ìfò ọkọ̀ á sì di ooru. Ìdí nìyẹn tí ṣọ́ọ̀kì tó ń ṣiṣẹ́ fi máa ń gbóná.

Nítorí náà, bí ìdí ọkọ̀ yín bá ń wọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá kó ẹrù, ṣọ́ọ̀kì tuntun kò ní gbé e sókè. Àpò kòkó 16 ló ń jẹ́ tọ́ọ̀nù kan, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan náà sì ni Hilux wà fún. Bí ẹ bá ń kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ewé kan ti kán, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe sípíríǹgì ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Mo ti rí ẹni tó ra ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin olówó gọbọi torí pé ìdí ọkọ̀ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, ọkọ̀ náà sì ń wọ́ ìdí nílẹ̀ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ti kú

Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pé kí wọ́n fi gbogbo ara tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀. Tó bá gòkè lẹ́ẹ̀kan tó sì jókòó jẹ́ẹ́, ó dára. Tó bá ń mì lọ mì bọ̀, ó ti kú. Èyí ń ṣiṣẹ́ fún ọkọ̀ kékeré. Ní ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù òfìfo, ewé sípíríǹgì le débi pé ẹ lè má lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ rárá, kí ẹ wá rò pé ṣọ́ọ̀kì ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ooru. Ẹ gba ọ̀nà tí kò dáa fún bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ dúró, ẹ sì fọwọ́ kan ara ṣọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ rọra o, ó lè jóni lọ́wọ́, pàápàá níbi tó bá sún mọ́ sàlẹ́ńsà. Àwọn méjì tó wà lẹ́yìn yẹ kí wọ́n gbóná bákan náà, àwọn méjì iwájú bákan náà. Èyí tó bá tutù nígbà tí ìkejì rẹ̀ gbóná kò ṣiṣẹ́ kankan láti ìgbà tí ẹ ti gbéra. Epo inú rẹ̀ ti lọ, tàbí pístìnnì rẹ̀ ti jẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ara rẹ̀. Òógùn epo díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ kò burú. Ṣùgbọ́n bí epo bá ti ṣàn dé ìsàlẹ̀, tí eruku pupa sì ti lẹ̀ mọ́ ọn tó nípọn bí amọ̀, síìlì rẹ̀, ìyẹn rọ́bà ẹnu rẹ̀ tó ń dá epo dúró, ti ya. Ẹ wo irin dídán tó ń wọlé tó ń jáde nínú rẹ̀ bó bá hàn: tó bá ti dógùn-ún tàbí tó ti ní ojú ọgbẹ́, á máa bá síìlì jà ni títí á fi ya. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà lọ ra á bọ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ òkè àti kòtò lábẹ́ ọwọ́ yín káàkiri rẹ̀, táyà náà ti ń fò lórí ilẹ̀ dípò kó máa yí. Bẹ́ẹ̀ náà ni imú ọkọ̀ tó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ púpọ̀ bí ẹ bá tẹ bíréèkì, àti ìdí ọkọ̀ tó ń sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹ bá bá gálọ́ọ̀pù lójú kọ́nà. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí léwu gan-an, ní pàtàkì lójú àwọn kọ́nà òkè tó wà níhà Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà.

Ohùn kò-kò-kò lábẹ́ ọkọ̀ kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì ní gbogbo ìgbà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, búṣìn rọ́bà tó wà lójú ihò rẹ̀ ló ti jẹ tán, tí irin wá ń lu irin. Ẹ di ṣọ́ọ̀kì mú, ẹ mì í. Bí ó bá ń ṣeré nínú ihò rẹ̀, tí kò jò, tó sì ń gbóná bó ṣe yẹ, búṣìn nìkan ni kí ẹ rà. Owó kékeré ni.

Hilux wo là ń sọ?

Ohun tí mo ń ṣàlàyé yìí wà fún ọkọ̀ tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ dá dúró, tí sípíríǹgì náà dá dúró: ewé lẹ́yìn, ewé tàbí torsion bar níwájú. Láti Hilux ti ọdún 2005 lọ sókè, iwájú rẹ̀ yàtọ̀. Sípíríǹgì yíyí ni wọ́n wé mọ́ ara ṣọ́ọ̀kì, tí wọ́n sì há a mọ́ ọn pẹ̀lú agbára tó lè pa ènìyàn. Bí ẹ bá tú nọ́ọ̀tì orí rẹ̀ láìsí irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń há sípíríǹgì, á fò jáde bí ìbọn. Tó bá jẹ́ irú ìyẹn lẹ ní, ẹ gbé iwájú lọ fún ẹni tó ní irinṣẹ́ rẹ̀. Ti ẹ̀yìn nìkan ni kí ẹ ṣe fúnra yín.

Rírà rẹ̀

Méjì-méjì là ń rà á: méjì iwájú tàbí méjì ẹ̀yìn. Bí ẹ bá fi tuntun sí apá kan tí ẹ fi ògbólógbòó sílẹ̀ ní apá kejì, ọkọ̀ á máa wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì lójú ọ̀nà gbágungbàgun.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ti fọ́-wíìlì ni o, ẹ má mú ti tú-wíìlì fún mi." Gígùn wọn kò dọ́gba, ara ọkọ̀ méjèèjì sì jọra débi pé àṣìṣe rọrùn. Ohun tó dára jù ni kí ẹ mú ògbólógbòó dání lọ, tàbí kí ẹ kọ nọ́ńbà ṣáásí sílẹ̀. Bí ẹ ò bá rí i rà ní Iléṣà, wọ́n ń tà á ní Gate ní Ìbàdàn, Ladipo ní Èkó sì wà fún ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀.

Nípa Belgium: èmi kì í fi ṣọ́ọ̀kì tòkúnbọ̀ sínú ọkọ̀, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ṣe é. Ẹ́ńjìnnì Belgium, a lè tàn án ká gbọ́ ohùn rẹ̀. Gíá, a lè yí i wò. Ṣọ́ọ̀kì Belgium, gbogbo ohun tó ń jẹ nínú rẹ̀ ló fara pamọ́, ó sì ti rin ìrìn àjò rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí owó ò bá tó mẹ́rin, ẹ ra méjì tuntun fún ibi tó burú jù, kí ẹ dúró de owó ìyókù.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n máa ń lu ihò sára ṣọ́ọ̀kì tó ti kú, wọ́n á rọ epo sí i, wọ́n á jó o pa. Ẹ má ṣe é. Pístìnnì tó ti jẹ kò ní tìtorí epo tuntun san, síìlì tó ya ṣì ya, epo náà á sì jò padà kó tó pẹ́. Èyí tó bá sì jẹ́ onígáàsì, ìyẹn èyí tí wọ́n há gáàsì mọ́ epo inú rẹ̀, ìjàm̀bá ńlá ni kí iná kàn án.

Ní ìsọ̀, ẹ gbé ṣọ́ọ̀kì dúró gbọọrọ, ẹ tẹ irin rẹ̀ wọlé kí ẹ sì fà á jáde ní ẹ̀ẹ̀mélòó kan. Ó yẹ kó le bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tó bá ń já sófo lójú ibì kan lẹ́yìn tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ bíi mẹ́rin márùn-ún, ẹ dá a padà. Onígáàsì á máa jáde fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ wo inú páálí bóyá búṣìn, wọ́ṣà àti nọ́ọ̀tì rẹ̀ pé. Èyí tó bá fúyẹ́ ju èyí tí ẹ mú dání lọ fíìfíì, ẹ béèrè ìdí.

Ọ̀rọ̀ wà fún àwọn tó ti fi ewé kún sípíríǹgì wọn torí pákó tàbí kòkó. Ìdí ọkọ̀ yín ti ga sí i, ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ṣe fún gíga àtilẹ̀wá lè kúrú jù. Bí táyà bá bọ́ sí kòtò jíjìn, ṣọ́ọ̀kì ni yóò kọ́kọ́ nà tán, òun náà ni yóò sì gba gbogbo ìwúwo irin ẹ̀yìn mọ́ra títí ojú rẹ̀ á fi fà ya. Ẹ mú téèpù. Pẹ̀lú ọkọ̀ lórí ilẹ̀ gbalasa, láìsí ẹrù, ẹ wọn ààrin ihò òkè ṣọ́ọ̀kì dé ààrin ihò ìsàlẹ̀. Ẹ tún wọn àlàfo tó wà láàárín rọ́bà ìkọlù tó wà lára ṣáásí àti irin tó máa kọlù ú. Ẹ yọ ìkejì kúrò nínú àkọ́kọ́. Bí àpẹẹrẹ, tó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 48 àti 9, 39 ló kù. Ṣọ́ọ̀kì tí ẹ máa rà, bí ẹ bá tì í wọlé tán, kò gbọ́dọ̀ gùn tó iye yẹn. Ẹ jẹ́ kó fi sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta dín sí i. Ìdí ni pé rọ́bà ìkọlù ló yẹ kó dá ọkọ̀ dúró, kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀kì. Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá ó lè nà kọjá 48 yẹn dáadáa, kí táyà lè ráàyè sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́

Ẹrẹ̀ ọ̀nà oko àti òjò ọdún pípẹ́ ti lẹ nọ́ọ̀tì mọ́ bóòtù. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha gbogbo ojú nọ́ọ̀tì títí okùn bóòtù yóò fi hàn. Ẹ fọ́n epo ìtú-ìpẹtà sí i lálẹ́, ẹ fi òòlù kékeré gbá orí rẹ̀ díẹ̀ kó lè wọlé, ẹ tún fọ́n ọn láàárọ̀. Bí kò bá sí, kẹrosíìnì á ràn yín lọ́wọ́, àmọ́ ó ń pẹ́. Ẹ má jẹ́ kó kán sí ara bíréèkì.

Sípánà tí ẹ ó nílò jù ni nọ́ńbà 14, 17 àti 19, kí ó jẹ́ olójú òrùka tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Èyí tí ẹnu rẹ̀ yà á kàn máa jẹ igun nọ́ọ̀tì. Ti táyà jẹ́ 21. Ẹ fi páìpù gígùn tó wọ ìdí sípánà kún un, àti jáàkì tó dára.

Dídá ọkọ̀ dúró

Iléṣà kún fún òkè, nítorí náà ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́ ní tòótọ́, tó sì le. Ẹ fa háńbíréèkì, ẹ fi gíá sí wan. Ìgbà tó sì jẹ́ fọ́-wíìlì, ẹ ti gbogbo lọ́ọ̀kù tó wà lójú táyà iwájú sí LOCK bí ọkọ̀ yín bá ní i, kí ẹ fi lífà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíá sí H4, èyí tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìdí rẹ̀ nìyí: háńbíréèkì Hilux ń di táyà ẹ̀yìn nìkan mú, bí ẹ bá sì gbé táyà ẹ̀yìn kan kúrò nílẹ̀, gíá nìkan kò lè di ọkọ̀ mú, torí táyà tó wà lókè á kàn máa yí lófìfo ni. Bí lífà kékeré yẹn bá wà ní N, gíá tí ẹ fi sí wan yẹn kò di ohunkóhun mú rárá. Ẹ fi òkúta tàbí igi onígun há táyà níwájú àti lẹ́yìn.

Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ sókè, jáàkì kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi irin ìdúró tì í, tàbí ìtí igi líle tó fẹ̀ dáadáa tí ẹ tò ní àgbélébùú. Búlọ́ọ̀kù kò dára fún un. Búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀. Á wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́, á sì fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bẹ yín, lórí èyí, ẹ má gbọ́ ti ẹni tó bá ní ọdún gbọọrọ lòun ti ń fi búlọ́ọ̀kù ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yìn rọrùn jù, ọwọ́ yín á sì ti mọ́ ọn kí ẹ tó dé iwájú. Hilux fọ́-wíìlì ga débi pé ẹni tí kò sanra púpọ̀ lè yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀ láìgbé e. Bí ẹ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má lo jáàkì rárá. Táyà wà nílẹ̀, sípíríǹgì wà ní ìjókòó rẹ̀, kò sí ohun tó máa já bọ́. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ gbé e, abẹ́ irin ńlá tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ ni kí jáàkì àti irin ìdúró wà. Bí ẹ bá gbé ṣáásí sókè tí irin ẹ̀yìn wá ń rọ̀, ní kété tí ẹ bá yọ ṣọ́ọ̀kì, á sọ̀ kalẹ̀ á sì fa rọ́bà bíréèkì. Ẹ ó tún rí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti ara irin ẹ̀yìn lọ sókè sínú ẹ̀rọ kékeré kan lára ṣáásí: òun ló ń sọ fún bíréèkì ẹ̀yìn bí ẹrù ṣe pọ̀ tó. Ẹ má fọwọ́ tì í, ẹ má tẹ̀ ẹ́.

Apá kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má tú méjèèjì pa pọ̀. Èyí tó ṣẹ́kù ni ẹ ó máa wò bí ẹ bá gbàgbé bí wọ́ṣà ṣe tò.

Nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, lẹ́yìn náà tòkè. Bí nọ́ọ̀tì bá kọ̀, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú láti fún un pọ̀ díẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí yóò dún kẹ́kẹ́, ìpẹtà ti fọ́ nìyẹn; kí ẹ wá tú u. Ẹ máa lọ síwájú díẹ̀, ẹ pa dà díẹ̀, ẹ fọ́n epo. Níbi píìnì tó yọ jáde lára ọkọ̀ ni sùúrù ti ṣe pàtàkì jù. Ṣọ́ọ̀kì ògbólógbòó, ìdọ̀tí ni. Bí ẹ bá ba ihò rẹ̀ jẹ́, kò sí ohun tó ṣe. Ṣùgbọ́n píìnì yẹn, ara ọkọ̀ ni. Bí ẹ bá kán an, ọ̀dọ̀ wẹ́dà ni ẹ ó lọ, iṣẹ́ wákàtí kan á sì di ti ọjọ́ méjì. Nítorí náà, kí ẹ tó fi páìpù gígùn fipá yí nọ́ọ̀tì ibẹ̀, ẹ fi ṣísẹ́ẹ̀lì la nọ́ọ̀tì náà sí méjì, ẹ rà á tuntun. Ẹ má ṣe fi iná wẹ́dà gbóná rẹ̀ níbẹ̀: táńkì epo kò jìnnà, rọ́bà bíréèkì wà nítòsí, gáàsì sì lè wà nínú ṣọ́ọ̀kì.

Bó bá ti jáde, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì nu píìnì mọ́ títí irin yóò fi dán, ẹ fi gíríìsì fẹ́ẹ́rẹ́ pa ara rẹ̀. Ẹ má fi gíríìsì tàbí ẹ́ńjìn ọ́ìlì kan rọ́bà búṣìn o. Epo ń jẹ rọ́bà. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi yọ́ ọ wọlé.

Kí ẹ tó fi tuntun sí i, ẹ gbé e dúró bó ṣe máa dúró lára ọkọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé kí ẹ fà á jáde bíi márùn-ún, mẹ́fà. Ó ti sùn nínú páálí, afẹ́fẹ́ ti wọ ibi tó yẹ kí epo wà. Ìgbà tó bá ti le láìjá sófo, ó ti ṣetán. Onígáàsì tí wọ́n fi bẹ́líìtì dì, ẹ fi òkè rẹ̀ kọ́ ná, kí ẹ tó gé bẹ́líìtì; ọwọ́ yín kò gbọ́dọ̀ wà lọ́nà ibi tí yóò nà sí. Ẹ darí rẹ̀ wọ ìsàlẹ̀ bó ṣe ń jáde.

Ohun kan tí mo ti rí tí àwọn ọmọṣẹ́ máa ń ṣe tó ń dùn mí: wọn á fi páńṣà di irin dídán mú kí nọ́ọ̀tì lè yí. Ojú ọgbẹ́ kékeré tí páńṣà bá fi síbẹ̀ ni yóò máa gé síìlì ní gbogbo ìgbà tó bá wọlé jáde. Ṣọ́ọ̀kì tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í jò, wọn á ní ayédèrú ni. Irin yẹn, ẹ má jẹ́ kí irin kankan fọwọ́ kàn án.

Iwájú

Bí ewé ló wà níwájú ọkọ̀ yín, ẹ ṣe é bí ẹ ṣe ṣe ti ẹ̀yìn, pẹ̀lú irin iwájú tí ẹ fi irin ìdúró tì. Bí torsion bar bá ni, ẹ tú nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ nígbà tó wà nílẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ níbi ṣáásí, ẹ fi irin ìdúró sábẹ́ ṣáásí, kí ẹ yọ táyà. Apá ìsàlẹ̀, ìyẹn irin ìsàlẹ̀ tó so táyà mọ́ ṣáásí, á sọ̀ títí á fi gbé ara lé rọ́bà rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan bóòtù tí wọ́n fi ń há torsion bar. Kò sí ohun tó kàn wá níbẹ̀ lónìí.

Orí ṣọ́ọ̀kì iwájú jẹ́ ọ̀pá tó ní okùn nọ́ọ̀tì, pẹ̀lú rọ́bà méjì tó há ṣáásí sáàárín, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, àti wọ́ṣà olójú abọ́. Bí ẹ bá ń tú nọ́ọ̀tì, ọ̀pá náà á fẹ́ máa bá a yí. Téńté orí rẹ̀ ní ojú méjì tó pẹlẹbẹ. Ẹ fi sípánà kékeré di ibẹ̀ mú. Bó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ fi sọ́ọ̀ gé ọ̀pá náà lábẹ́ nọ́ọ̀tì. Ìdọ̀tí ni, mo ti sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pá lẹ ó gé o, kì í ṣe ara àgbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ yọ bóòtù ìsàlẹ̀, ṣọ́ọ̀kì á sì jáde.

Bí ẹ bá ń fi tuntun sí i, ẹ tò ó báyìí: wọ́ṣà, rọ́bà, kí ó wọ ihò ṣáásí, rọ́bà, wọ́ṣà, nọ́ọ̀tì. Etí rọ́bà tó kéré gbọ́dọ̀ wọ inú ihò. Ẹ fún nọ́ọ̀tì títí rọ́bà yóò fi wú dé etí wọ́ṣà, ẹ dúró níbẹ̀. Bó bá wú kọjá etí wọ́ṣà, ẹ ti pa á. Bó bá kéré sí i, á máa lu. Ẹ fi nọ́ọ̀tì kejì tì í. Fún ìsàlẹ̀, bí ihò kò bá ṣe déédéé, ẹ fi jáàkì gbé apá ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí bóòtù yóò fi wọlé pẹ̀lú ọwọ́. Ẹ má fi òòlù lù ú wọlé.

Kó balẹ̀ kó tó le

Bí ẹ bá fẹ́ jẹ́ kí mẹkáníìkì bá yín ṣe gbogbo rẹ̀, èyí nìkan ni kí ẹ dúró tì í fún. Ẹ sọ fún un pé: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún bóòtù ìsàlẹ̀ pa, ó di ìgbà tí ọkọ̀ bá balẹ̀."

Rọ́bà búṣìn lẹ̀ mọ́ irin inú rẹ̀. Bí ẹ bá fún bóòtù pa nígbà tí táyà ń rọ̀, ibẹ̀ ni rọ́bà gbà pé ìjókòó òun wà. Ìgbà tí ọkọ̀ bá balẹ̀, rọ́bà á lọ́, bẹ́ẹ̀ ni á wà ní lílọ́ tọ̀sán tòru, bí ọkọ̀ tilẹ̀ dúró sílé. Kó tó pẹ́, á ya, kò-kò-kò á sì padà dé. Nítorí náà, ẹ fún bóòtù olójú ihò débi tí kò ti ní bọ́, ẹ dá táyà padà, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ẹ mì í sókè sódò díẹ̀ kó lè jókòó, kí ẹ wá wọ abẹ́ rẹ̀ fún wọn le. Àwọn tí ẹ ṣe ti ẹ̀yìn láìgbé ọkọ̀, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ èyí.

Lẹ́yìn rẹ̀

Ẹ dá lífà sí H2, ẹ tú lọ́ọ̀kù táyà iwájú. Ẹ kọ́kọ́ rọra wà á ní àdúgbò, ẹ tẹ bíréèkì dáadáa níbi tí kò séwu, ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Ọkọ̀ lè le díẹ̀ sí bó ṣe wà; ẹ ti gbàgbé bó ṣe yẹ kó rí ni. Lẹ́yìn náà ẹ gba ọ̀nà tí kò dáa, ẹ dúró, ẹ fọwọ́ kàn wọ́n bí ẹ ṣe ṣe níjọ́ àkọ́kọ́. Kí ooru méjì-méjì dọ́gba. Ẹ wò ó bóyá ohunkóhun ń ra rọ́bà bíréèkì tàbí táyà, ẹ yí ìdarí tán sí ọ̀tún àti sí òsì kí ẹ tún wò ó.

Àláìńmẹ́ǹtì kò yí padà nípa ṣọ́ọ̀kì nìkan lórí irú ọkọ̀ yìí, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ yín nítorí èyí. Bí táyà bá ti jẹ ní òkè-kòtò, ariwo rẹ̀ kò ní lọ lójijì. Táyà náà ló ń dún. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ bá ti gba ọ̀nà oko, ẹ tún fi sípánà kan gbogbo nọ́ọ̀tì wò, pàápàá ti orí iwájú, torí rọ́bà tuntun máa ń jókòó díẹ̀.

Ó ku àwọn ògbólógbòó. Ẹ má jù wọ́n sínú iná, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé mú wọn ṣeré, torí gáàsì tó há sínú wọn lè bú bí wọ́n bá gbóná. Bí ẹni tó ń ra irin àlòkù bá dé, ẹ sọ fún un pé ṣọ́ọ̀kì onígáàsì ni, kí ó má fi iná gé e, kí ẹ tó gbé e fún un.